Ìtàn Ògúndé lórí ìtàgé: èwo la máa mú, èwo la máa fi sílẹ̀?

Ọmọ_Ìdénà · Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọgbọ́n àgbà ni mo wá gbà.

Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan ń ṣe tíátà ní Kétu níbí. Ilé-ìwé girama kan ti ní ká wá ṣeré fún àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, a sì ti fẹnu kò pé ìtàn Hubert Ògúndé la máa gbé kalẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìtàn bàbá náà ju wákàtí kan lọ. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ orin, ó ń jó, ó ń ṣeré, ó ń darí eré, ó ni ẹgbẹ́, ó sì tún di onífíìmù. Èwo la máa mú nínú ẹ̀? Àwọn ọmọ tí a fẹ́ ṣe é fún, eré orí fóònù ni wọ́n mọ̀. Wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan ṣoṣo ló ń kọ eré, òun ló ń darí wa, òun ló ń lùlù, òun náà ló ń wá owó kiri. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tán, kò sì fẹ́ ká bá a gbé e. Bí a bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ògúndé ńkọ́? Ṣé òun nìkan kọ́ ló dá a ṣe ni?" Ṣé òótọ́ ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀?

Tíṣà_Àjàṣẹ́ · Porto-Novo

O kú iṣẹ́ o, àbúrò. Jẹ́ n to ìtàn ẹ̀ díẹ̀ fún ọ, kó o lè mọ ibi tí wàá gé.

Ọ̀ṣọ́sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1916. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, àmọ́ nílé ìyá rẹ̀, wọn ò fi ọ̀rọ̀ òrìṣà ṣeré. Ọmọ náà ń kọ orin ìsìn láàárọ̀, ó ń tẹ̀lé egúngún alárìnjò nírọ̀lẹ́. Láti 1933 ló ti ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé St. John's ní ìlú rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, tó ń tẹ dùùrù fún ìjọ. Ní 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn; ní 1943 wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀bútè-Mẹ́ta l'Ékòó. Níbẹ̀ ló ti wọ ìjọ Aládúrà, ìjọ yẹn ló sì ní kó ṣe eré orin fún àwọn. Lọ́jọ́ 12 oṣù Òkúdu 1944, ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó, ló gbé *The Garden of Eden and the Throne of God* jáde. Ọlọ́pàá ṣì ni nígbà yẹn o.

Eré ṣọ́ọ̀ṣì ti wà ṣáájú tiẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé àwọn akọrin á tò, wọ́n á dúró lójú kan, wọ́n á máa kọ ìtàn Bíbélì lórin títí á fi parí. Ògúndé fi ijó sí i, ó fi ìlù sí i, ó ní kí òṣèré máa fi ara ṣe ohun tí ẹnu rẹ̀ ń kọ. Ó dùn mọ́ àwọn òǹwòran débi pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1945, ó dá African Music Research Party sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ṣe é, ibẹ̀ yẹn ni n bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan bọ́ aṣọ ìjọba, ó ní eré lòun fẹ́ máa ṣe jẹun. Àwọn alárìnjò ti ń fi eré jẹun tipẹ́, àmọ́ nínú àwọn tó kàwé tí wọ́n ń ṣe é nínú gbọ̀ngàn, òun ló ṣíwájú.

Ayékòótọ́ · Kútọnu

Owó oṣù ọlọ́pàá, ní 1945! Bàbá tèmi ì bá ti lọ pe mọ̀lẹ́bí jọ.

Ìyá_Wàǹdó · Porto-Novo

Ẹ má gbàgbé *Aiyé* o! Fíìmù 1979 yẹn. Kásẹ́ẹ̀tì la fi wò ó ládùúgbò wa, nílé ẹnìkan tó ní fídíò, àgbàlá kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn Ègùn tó bá wa gbélé, tí wọn ò gbọ́ gbogbo Yorùbá ibẹ̀, àwọn náà kò dìde. Nígbà tí àwọn àjẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ, kò sí ọmọ tó tún lè dá lọ tọ̀. Ògúndé ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá níbẹ̀, òun ló dojú kọ wọ́n. Lójú tiwa nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ òṣèré kọ́. A gbà pé ó ní oògùn lápò ni.

Ìyẹn ni kẹ́ ẹ ṣe fún àwọn ọmọ. Wọ́n á pariwo, wọ́n á sì rántí.

Bàbá_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ bínú ni, ẹ ò bínú ni, Dúró Ládiípọ̀ ló yẹ kí ẹ ṣe. Ọmọ Òṣogbo ni. *Ọba Kò So* tó gbé jáde ní 1963, ìtàn Ṣàngó, bàtá àti dùndún ló fi sọ ọ́, oríkì ló fi sọ ọ́. Ọdún kejì rẹ̀ wọ́n ti gbé e dé Berlin ní Jámánì. Òun náà ṣe tíṣà, òun náà jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń kọ orin, tó ń ṣeré, tó ń darí. Àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí a mọ ẹni tí Ṣàngó ń jẹ́, ìyẹn ló bá wa lára mu. Ògúndé tiyín kó fèrè òyìnbó wọ inú eré. Kí ni sasofóònù ń wá nínú ìtàn baba wa?

Tíṣà_Àjàṣẹ́ · Porto-Novo

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ládiípọ̀ kì í ṣe ẹni à ń fojú di, n ò sì ní bá yín jiyàn lórí *Ọba Kò So*. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1961, nígbà tó gbé ìlù dùndún wọ orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Óṣogbo tí ìjọ fàáké kọ́rí, ó rí Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì kan, tó dúró tì í, nígbà tó sì di 1962, wọ́n ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ojúkò àwọn oníṣẹ́ ọnà, nínú ilé rẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà, ọ̀gá ẹgbẹ́ tíátà mìíràn, Yunifásítì Ìbàdàn gbà á sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́fà, Demas Nwoko sì bá a ṣe ojú ìtàgé fún *Láńkẹ́ Ọ̀mùtí*, èyí tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé Amos Tutùọlá. Ẹni tó ní irú èèyàn báyìí lẹ́yìn lè gbájú mọ́ iṣẹ́ kan.

Ta ni Ògúndé ní ní 1945? Owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ní. Bí èèyàn ò bá wá wòran lálẹ́ òní, òṣèré ò ní jẹun lọ́la. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bínú sí sasofóònù, ibẹ̀ ló ti wá. Kí 1950 tó dé, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Goolu Kosi, Gánà òde òní. Wọn ò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, eré ò tà. Ó padà délé, ó fi ijó àti orin kún eré. Ní 1947 ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ ijó ẹsẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń jó níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1950, orúkọ ẹgbẹ́ náà ti di Ogunde Concert Party. Ohun tó máa mú èèyàn sanwó wọlé ló ń wá.

Bàbá_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ owó ni wàyí.

Tíṣà_Àjàṣẹ́ · Porto-Novo

Ọ̀rọ̀ owó ni, bàbá. Iṣẹ́ ni.

Ìyẹn ló sì gbé mi dé ìbéèrè Ọmọ_Ìdénà. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kì í ṣe pé Ògúndé fẹ́ràn kó dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Kò rí ẹni tó máa gbé e lé lọ́wọ́ ni. Bó ṣe ń rí èèyàn ló ń pín in. Ẹ wo *Aiyé* tí ìyá wa ń sọ. Ògúndé ti ṣe é lórí ìtàgé fúnra rẹ̀, òun ló ni ìtàn, òun ló ni orin, òun ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá. Nígbà tó fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù, tó rí i pé iṣẹ́ kámẹ́rà yàtọ̀, Ọlá Balógun ló pè pé kó wá darí rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń darí eré nígbà yẹn o! *Jáiyésinmi* tó tẹ̀ lé e ní 1980, òun àti Freddie Goode ni wọ́n jọ darí.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń kọ eré. Orin ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ tí wọ́n ń há sórí. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í sábà wà nínú ìwé. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á sọ irú ẹni tí oníkálukú jẹ́, wọ́n á dìde, wọ́n á máa sọ ọ́ bó ṣe bọ́ sí wọn lẹ́nu níbi ìdánrawò, títí ọ̀rọ̀ á fi dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tíátà Yorùbá ń ṣe. Nítorí náà, gbogbo òṣèré ló bá a kọ eré yẹn, orúkọ ẹnìkan ni ayé mọ̀.

Dérẹ́bà_Pọ́bẹ̀ẹ́ · Pọ́bẹ̀ẹ́

Ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀, ẹ ò sọ ti ọkọ̀. Èmi tí mò ń wakọ̀ Kétu sí Pọ́bẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, mo mọ ohun tí ọ̀nà ń fojú èèyàn rí. Èèyàn, aṣọ, ìlù, àwọn iná ìtàgé, gbogbo ẹ̀ inú ọkọ̀. Ẹ dé ìlú, ẹ ò tíì jẹun, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn yí ìlú ká kí èèyàn lè mọ̀ pé eré wà. Ẹ ṣeré tán, ẹ dì í, ó di ìlú mìíràn. Bí táyà bá fọ́ láàárín ọ̀nà, kò séré, kò sówó. Ta ló ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe? Ta ló ń ra epo? Ẹni yẹn náà jẹ́ òṣèré lójú tèmi.

Tíṣà_Àjàṣẹ́ · Porto-Novo

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yìí. Ọ̀nà yẹn sì mú nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, Adéṣẹwà, tó jẹ́ òṣèré pàtàkì nínú ẹgbẹ́, ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré. Ògúndé kọrin arò fún un, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ọmọ_Ìdénà · Kétu

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka ibi tí ẹ ti sọ ti *Aiyé* fún ọ̀rẹ́ wa. Kò fèsì. Ó gbé ìlù ẹ̀, ó lọ sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìjọba ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣé àwọn òyìnbó ni àbí àwọn ológun?

Tíṣà_Àjàṣẹ́ · Porto-Novo

Àwọn òyìnbó yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ èyí tó le jù, ọwọ́ àwọn tiwa ló ti wá.

Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò, Michael Imoudu wà níwájú wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ògúndé gbé *Strike and Hunger* jáde. Ẹ rántí pé ọlọ́pàá àná ni! Nígbà tó gbé e dé Jos, àwọn ọlọ́pàá ò jẹ́ kó ṣe é láṣeparí. Ní oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà mọ́kànlélógún ní Ẹnúgu. Ní 1950, *Bread and Bullet* ti wà lórí ìtàgé. Kò dúró kí ọ̀rọ̀ tutù. Ohun tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn lọ́jà ló ń gbé wọ gbọ̀ngàn.

*Yorùbá Ronú* ló wá dá ìjà ńlá sílẹ̀. 1964 ni. Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Akíntọ́lá tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń ṣèjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí Akíntọ́lá wà lára àwọn ọ̀gá rẹ̀, ló ní kí Ògúndé wá ṣeré fún àwọn níbi ayẹyẹ wọn. Ó wá lóòótọ́. Ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tó tà á fún ọ̀tá, ló gbé síwájú wọn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Akíntọ́lá dìde, ó jáde. Láìpẹ́, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé ní gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ó tún gbé *Ọ̀títọ́ Korò* jáde lọ́dún kan náà, bí ẹni ń da epo síná. Ológun ló tú u sílẹ̀: Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ló gbé òfin náà kúrò ní oṣù Èrèlé 1966.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí kò fi lè ṣeré ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú tirẹ̀ pàápàá. Èkó àti àwọn ẹkùn mìíràn ló kù fún un, torí Èkó kò sí lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Ẹ bi ara yín léèrè bí ẹgbẹ́ ṣe lè wà láàyè bí wọ́n bá gba ọjà rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹlẹ́fẹ̀ · Kétu

Ẹ ò rí nǹkan. Ní Kétu wa níbí, lóru Ẹ̀fẹ̀ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹni tó gbé Ẹ̀fẹ̀ lè kọ olówó lórin, kó kọ ìjòyè, kó kọ olè, kó kọ ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó, lójú gbogbo ìlú. Ilẹ̀ á mọ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà. A ti ń ṣe é kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibí, ó sì ti pẹ́ ká tó gbọ́ pé UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fáyé gbọ́ ní 2001.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Ẹ̀fẹ̀ kì í lanu kó tó júbà àwọn ìyá wa, àwọn tí ẹ̀yin ń pè ní àjẹ́. Àwọn ló fún un láàyè, wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògúndé gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lójú agbo, ó gbé e wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ń ja tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, tí ìjọba ń fúnni níwèé àṣẹ. Ìwé tí ìjọba bá fúnni, ìjọba lè gbà á padà.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń gbé mì láti àárọ̀. Ìyá_Wàǹdó, ẹ má bínú. *Aiyé* yẹn kò dùn mọ́ mi rí. Àwa ń jó fún àwọn ìyá, à ń tù wọ́n, à ń pè wọ́n ní ẹlẹ́yẹ, ká lè rí ọmọ bí, kí òjò lè rọ̀. Òun sọ gbogbo wọn di ọ̀tá tí ọkùnrin kan ń lé kiri. Láti ìgbà yẹn, ẹ wo fíìmù Yorùbá: obìnrin tó bá ti dàgbà, tó bá ti dá gbé, àjẹ́ ni. Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Ìyá_Wàǹdó · Porto-Novo

Ẹ rọra o. Kì í ṣe Ògúndé ló kọ́ àwọn èèyàn láti máa bẹ̀rù àjẹ́. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ti ń bẹ̀rù wọn kí fídíò tó dé Àjàṣẹ́. Ó fi ohun tó wà lọ́kàn wa hàn wá ni.

Ẹlẹ́fẹ̀ · Kétu

Ó fi apá kan hàn. Apá tó ń mówó wọlé.

Ayékòótọ́ · Kútọnu

Ìjà dé. Mo ti gbé àga.

Bàbá_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ti àgbà. Ẹ ń pe Ọ̀ṣẹ́túrá, Ọ̀ṣẹ́túrá, ṣé ẹ mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Ifá?

Nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ wá sáyé, ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin àárín wọn. Wọn ò pè é sí ìgbìmọ̀. Wọ́n ṣe ìlú, ìlú ò gún. Wọ́n rúbọ, ẹbọ ò dà. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè. Ó bi wọ́n pé ẹni kẹtàdínlógún yín ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ò kà á kún. Ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣun lóyún nígbà yẹn. Ó ní bóun bá fi bí ọkùnrin, kó máa bá wọn lọ sí ìgbìmọ̀ ní orúkọ òun, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ obìnrin, kí wọ́n máa wò ó. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ọmọ tó bí ni Ọ̀ṣẹ́túrá.

Ẹ wá wò ó: orúkọ ọmọ Ọ̀ṣun, tó wá látinú ìtàn ìyá tí wọ́n pa tì, ni Ògúndé fún ẹni tó ń bá àwọn ìyá jà. Èèyàn tó dàgbà sílé òrìṣà kò lè ṣàì mọ ìtàn yẹn. Ẹlẹ́fẹ̀ jàre díẹ̀ lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbádùn fíìmù náà.

Tíṣà_Àjàṣẹ́ · Porto-Novo

Bàbá, mo ti ń wo fíìmù yẹn láti kékeré, mi ò fi ojú yẹn wò ó rí.

Àmọ́ ẹ̀yin àgbà, orúkọ yẹn ṣì lè gbè é. Bó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun ni, á jẹ́ pé ọmọ àwọn ìyá ni wọ́n rán láti bá èyí tó ṣìwà hù nínú wọn wí. Ó lè jẹ́ ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn.

Ẹlẹ́fẹ̀ · Kétu

Ó lè jẹ́. Kò sọ ọ́ nínú fíìmù.

Ayékòótọ́ · Kútọnu

Ẹ̀yin náà ẹ ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá, ẹ ò wá sórí ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó. Ẹ̀ ń yí i po ni. Ìyàwó rẹ̀ lé ní mẹ́wàá! Òṣèré rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn! Ṣé ìyẹn náà la máa fi han àwọn ọmọ ilé-ìwé?

Tíṣà_Àjàṣẹ́ · Porto-Novo

Kò sẹ́ni tó yí i po. Ó yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní 1946, nígbà tó fẹ́ ṣe *Tiger's Empire*, Ògúndé polówó pé òun ń wá àwọn obìnrin tí òun máa sanwó fún láti ṣeré. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú tíátà wa. Kò sí òbí tó fẹ́ gbọ́. Ọmọbìnrin tó ń jó níwájú èrò lóru, tó ń sùn sí ìlú onílùú, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Èyí tó bá sì gbà láti wá, bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, tó mọ orin àti ijó, ọkọ á dé, á ní kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́. Ọ̀nà tí Ògúndé rí gbà ni pé òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ wọn. Báyìí ni ilé di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì di ilé. Nígbà tí ọmọ dé, àwọn ọmọ náà di òṣèré. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè wà fún ogójì ọdún ó lé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń tú ká.

Ìyá_Wàǹdó · Porto-Novo

Ọ̀nà tó rí gbà, ẹ ní. Òṣèré tó jẹ́ ìyàwó ọ̀gá, báwo ló ṣe máa bínú lọ síbòmíràn? Báwo ló ṣe máa ní kí wọ́n fi owó kún owó òun? Mo fẹ́ràn Ògúndé dé góńgó, àmọ́ mo ti ta ọjà nílé ọkọ rí.

Dérẹ́bà_Pọ́bẹ̀ẹ́ · Pọ́bẹ̀ẹ́

Háà! Ìyá sọ ọ́.

Tíṣà_Àjàṣẹ́ · Porto-Novo

N ò ní èsì sí ìyẹn, ìyá.

Kí n kàn fi ìparí ìtàn náà kún un fún Ọmọ_Ìdénà, torí kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́. *Àròpin N'Tènìyàn* jáde ní 1982, *Àyànmọ́* ní 1988. Ó kọ́ abúlé fíìmù sí Ọ̀ṣọ́sà. Ní 1986 ìjọba àpapọ̀ pè é pé kó wá kó àwọn òṣèré jọ fún ẹgbẹ́ eré orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Fíìmù tó ṣe kẹ́yìn, *Mister Johnson*, ti òyìnbó ni. Níbẹ̀, òun kọ́ ni ọ̀gá, wọ́n gbà á síṣẹ́ bíi ti òṣèré yòókù ni. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 4 oṣù Igbe 1990. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni.

Àdùnní_Agbo · Kétu

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, mo kúnlẹ̀. Mo wà lára àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ tí Ọmọ_Ìdénà ń sọ. Ìyá mi kò tíì gbà kí n máa ṣeré. Bí mo bá fẹ́ lọ síbi ìdánrawò, mo máa ń ní ilé ìkàwé ni mò ń lọ, nítorí náà nǹkan tí bàbá Tíṣà kọ nípa 1946 kò jìnnà sí mi.

A ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sétí ara wa lánàá. Ohun tí àwa ọmọbìnrin fẹ́ ṣe ni pé Ògúndé kò ní jáde lórí ìtàgé rárá. Àwọn ìyàwó ló máa sọ ìtàn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kun àtíkè tí wọ́n ń wọṣọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá a láti ìbẹ̀rẹ̀ á sọ ti ọlọ́pàá àti ti Glover. Òmíràn á sọ ti Goolu Kosi, bí wọ́n ṣe kọrin tí ẹnikẹ́ni ò gbè é. Òmíràn á sọ alẹ́ *Yorùbá Ronú*, bí wọ́n ṣe rí i látẹ̀yìn aṣọ ìkélé pé olórí ìjọba ti dìde. Ti Adéṣẹwà máa wà níbẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà nìkan ni wọ́n á máa gbọ́, tó ń pè wọ́n pé ó tó àkókò.

Ohun tí Ìyá_Wàǹdó bi, ti owó àti ti ìbínú, a máa fi sí i. A ò ní dáhùn ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń dá gbogbo nǹkan ṣe ní kò burú, àmọ́ òun ló máa kọ ọ̀rọ̀ tí a máa sọ. A ní rárá, a máa dìde, a máa sọ ọ́ lẹ́nu títí á fi dúró, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn. Ìlù ni kó lù. Ó ti gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú.

Ẹlẹ́fẹ̀ · Kétu

Ẹ kọ́kọ́ júbà o. Ẹ má wọlé lásán.

Àdùnní_Agbo · Kétu

A ti gbọ́, bàbá. Bí ẹ bá ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá kọ́ wa ní èyí tó yẹ ọmọ ilé-ìwé.

Ìyá_Wàǹdó · Porto-Novo

Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún ìyá ẹ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Sọ fún un pé ìyá arúgbó kan ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ wá wòran, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ jókòó sí. Dérẹ́bà, ẹ máa gbé mi láti Pọ́bẹ̀ẹ́.

Dérẹ́bà_Pọ́bẹ̀ẹ́ · Pọ́bẹ̀ẹ́

Iwájú lẹ máa jókòó sí, ìyá. Ẹ ò ní sanwó.

Bàbá_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · Ṣábẹ̀ẹ́

Ó dáa. Lọ́dún tó ń bọ̀, Ládiípọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe. Mo ní bàtá méjì nílé tí ẹ lè yá.